Sal, São Tomé tàbí Tenerife: Èwo Ni Kí Ará Èkó Ná Owó Ìsinmi Rẹ̀ Lé?

Ìgò kékeré méjì wà lórí tábìlì mi ní Yábàá, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn àjò. Iyanrìn Santa Maria, ní erékùṣù Sal, ló wà nínú ọ̀kan, ó sì rí bíi gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ yan. Iyanrìn erékùṣù Fogo ló wà nínú èkejì, ó dúdú bí èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná. Bí mo bá gbé òòfà tí mo tú lára sípíkà àtijọ́ kan sún mọ́ ìgò Fogo, iyanrìn inú rẹ̀ á dìde, á sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ti Sal kì í mira. Orílẹ̀-èdè kan náà, Cape Verde, ló ni erékùṣù méjèèjì, òkè oníná ló sì bí wọn láti ìsàlẹ̀ òkun. Nítorí náà, bí oníbàárà bá sọ pé erékùṣù òkè oníná ni òun fẹ́ lọ, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ṣé òkè lẹ fẹ́ wò ni, àbí oòrùn lẹ fẹ́ yá?

Òkè gíga àti oòrùn kì í sábà gbé pọ̀. Atẹ́gùn orí òkun máa ń gbé ọ̀rinrin, bó bá sì kọlu òkè, á gòkè, á tutù, ọ̀rinrin náà á di ìkùukùu àti òjò sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ̀yìn òkè á sì gbẹ. Òkè Fogo, tó ga tó mítà 2,829, kò tíì dàgbà: ó bú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, òkúta yíyọ́ rẹ̀ sì ń ṣàn títí di oṣù Kejì ọdún 2015, ó bo abúlé Portela àti Bangaeira mọ́lẹ̀. Sal ti darúgbó ní tirẹ̀. Òkun àti atẹ́gùn ti jẹ òkè rẹ̀ débi pé ibi tó ga jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 400 mítà lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tọ́ka ẹni tó fẹ́ oòrùn sí Sal. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò tó èyí tó ń rọ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹfà nìkan. Santa Maria wà ní ìpẹ̀kun gúúsù, ó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn, omi rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹni tó ti rí bí ìgbì Elegushi ṣe ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀ yóò mọ iyì èyí. Ní Pedra de Lume, omi iyọ̀ wà nínú kòtò òkè oníná àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ á léfòó bí igbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi náà kan ojú yín. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni Cape Verde, ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún ìrìn àjò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti káàdì ìbà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Àléébù rẹ̀ ni pé igi ṣọ̀wọ́n, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mu, ọkọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ oúnjẹ wá, oúnjẹ kì í sì í pọ́ọ́kú.

São Tomé, erékùṣù òkè oníná mìíràn, sún mọ́ wa ju Sal lọ, kò tó 900 kìlómítà sí Èkó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé ìlú mélòó ni ọkọ̀ máa balẹ̀ sí lọ́nà. Ó lẹ́wà gan-an: igbó tútù, kòkó, àti òkúta Pico Cão Grande tó dìde ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Òkè rẹ̀ ga tó mítà 2,024, òjò sì ń pọ̀ ní gúúsù rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gravana, wà láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń lù wá níhìn-ín. Ẹ̀ẹ̀rùn náà kò ní òjò, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run sábà máa ń ṣú. Àríwá ni kí ẹ gbé, ní àgbègbè Lagoa Azul, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tó fún igi oṣè láti hù. Ẹ múra sílẹ̀ fún ẹ̀fọn, nítorí ibà ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti jẹ́rìí ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé Cape Verde ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Tenerife, ilẹ̀ Spain ni, físà Schengen ni ẹ máa gbà. Òkè Teide, tó ga tó mítà 3,715, ló pín in sí méjì: ìkùukùu ní àríwá, oòrùn ní gúúsù. Iyanrìn ibẹ̀ dúdú débi pé láti aginjù Sahara ni wọ́n ti gbé ti etíkun Las Teresitas wá ní ọdún 1973. Omi òkun máa ń tutù tó ìwọ̀n 19 sẹ́ńtígíréètì ní oṣù Kejì, èyí tí ọmọdé tó mọ́ omi Èkó lára kò ní fẹ́.

Owó yúrò ni Tenerife ń ná, ara yúrò náà ni wọ́n so escudo Cape Verde àti dobra São Tomé mọ́, nítorí náà bí náírà bá ti rí sí yúrò lẹ máa san ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fún ìsinmi ilé ìwé ní oṣù Kẹjọ, Sal ni mo yàn: atẹ́gùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, ìjàpá òkun sì ń gòkè wá yé ẹyin lóru. Fún Kérésìmesì, Sal náà ni, pẹ̀lú aṣọ òtútù kan fún alẹ́. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́, ẹ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ gun òkè Fogo, ẹ mú bàtà tó nípọn dání, kí ẹ sì fi aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní Santa Maria, nítorí ìgbì Fogo le, iyanrìn dúdú rẹ̀ sì máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́sàn-án.