Shuri: Àbúrò Tó Jókòó sí Iwájú

Láti ọdún 2005 tí Shuri ti dé inú ìtàn aláwòrán Black Panther, ẹ̀yìn T'Challa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sábà ń dúró sí. T'Challa ni Black Panther, akọni tó ń dáàbò bo Wakanda, orílẹ̀-èdè Áfíríkà inú ìtàn. Inú mi dùn gan-an pé Marvel, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìtàn náà, fún un ní ìtàn tirẹ̀ ní 2018. Nnedi Okorafor ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Leonardo Romero ló yàwòrán ìdìpọ̀ àkọ́kọ́.

T'Challa wọ ọkọ̀ lọ sí òfuurufú, kò padà. Àwọn àgbà obìnrin Wakanda wá ní kí àbúrò gbé ipò Black Panther. Kò wù ú! Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń wù ú. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan wà nílé mi tó ń tú rédíò. Ibi tí ẹ̀mí Shuri ti kúrò lára, tó lọ bọ́ sínú Groot, igi abẹ̀mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ kó ìtẹ̀jáde 5 pọ̀ nínú 10. Àlòkù ni mo rà, ojú ewé méjì já bọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ọmọ mi ti gbà á lọ́wọ́ mi.