Mítà pélébé aláwọ̀ ìyeyè: ṣé ó tó fún mọ́tò àgbà?

Bí Corolla 1998 bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀ ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, bátìrì ni wọ́n á kọ́kọ́ bú. Wọ́n á ra tuntun. Kò ní pẹ́, orin kan náà ni. Mítà DT-830D, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn iná, lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó yẹn, bí ẹ bá mọ ibi tó ti ń sòótọ́ àti ibi tó ti ń parọ́.

Òótọ́ rẹ̀ wà ní DC 20, ojú tí a fi ń wọn iná bátìrì ní fóltì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, 12.6 ni bátìrì tó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì. Bó bá wọlẹ̀ ju 12 lọ, ẹ cháàjì rẹ̀ ná kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kí ẹnì kan wá sítáàtì: bí bátìrì tó kún bá já sísàlẹ̀ 9.6, òun ló sábà máa ń jẹ̀bi. Tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.5 la fẹ́. Bó bá dúró sí 12.3, ọ́tanétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti cháàjì bátìrì) kò cháàjì. Ẹ wo bẹ́líìtì bóyá ó ń yọ̀, kí ẹ tó wo bọ́rọ́ọ̀ṣì inú ọ́tanétọ̀. Bó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ tó ń ṣàkóso iná rẹ̀ ti bàjẹ́, omi bátìrì á máa gbẹ.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fìyà jẹ bátìrì aláìṣẹ̀. Okùn dúdú mítà sórí nẹ́gẹ́tíìfù, pupa sára irin ẹ́ńjìnì gan-an, kí wọ́n sítáàtì. Bó bá ju 0.3 lọ, ẹ tú bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ ó rí ìpẹtà níbẹ̀, tàbí bàbà tó ti yọ ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé lábẹ́ rọ́bà. Sáńpépà lè tó o. Bí bàbà bá ti já, ẹ pààrọ̀ wáyà.

Irọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi ojú AC rẹ̀ yẹ dáyóòdù inú ọ́tanétọ̀ (èyí tó ń sọ iná AC di DC) wò, iná bátìrì fúnra rẹ̀ ni yóò kà síbẹ̀, tó sì lè lọ́po méjì. Tí bátìrì 9V inú rẹ̀ bá ti rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà á máa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò 10A dára fún wíwá ohun tó ń fa iná lóru (ohun tó bá ju áńpíà 0.05 lọ ni kí ẹ fura sí), àmọ́ kò ní fíúsì: ẹ má sítáàtì lórí rẹ̀ láé. Okùn rẹ̀ tínrín, ìdí rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ já.

Síbẹ̀, a ní kí ẹ rà á. Rewáyà (oníná mọ́tò) tó bá fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kó lè fi dán ọ́tanétọ̀ wò, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jó dáyóòdù.