Lisbon lójú ọmọ Ifẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti padà dé láti Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ará ilé àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ń bi mí: ṣé ìlú náà tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ náwó? Ó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ Ifẹ̀ wò níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń mú àlejò kiri ń tẹnu mọ́.

Ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe kọnkéré. Òkúta funfun àti dúdú wẹ́wẹ́, tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ni wọ́n gé tí wọ́n sì ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi di òdòdó, ọkọ̀ ojú omi tàbí ìgbì òkun. Ní gbàgede Rossio, níbi tí wọ́n ti tò ó bí ìgbì láti nǹkan bí 1849, mo bẹ̀rẹ̀ mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù, ẹsẹ̀ èrò sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bí inú àwo. Àpáàdì títẹ́ ti Ifẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí ìtàn wa sọ pé Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀: àpáàdì tí wọ́n fi etí gúnlẹ̀, tí wọ́n dagun síra wọn bí egungun ẹja, tí wọ́n sì to òkúta funfun sáàárín rẹ̀ láwọn ibòmíràn. Tiwa ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó tẹ́ ti Rossio. Ṣùgbọ́n àwọn ará Lisbon dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní 1986 kí iṣẹ́ náà má baà parun, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú tiwa wà lábẹ́ ilé àti ọ̀dà títì.

Mo rí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ náà. Bàbá náà jókòó sórí àpótí kékeré, ó gbé òkúta lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i, ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan, òkúta náà sì wọ àyè rẹ̀ wọ́rọ́. N kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, àfi ìgbà tí àbúrò mi tó ń gbé ìlú náà ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti ń dúró dè wá.”

Àwọn tó ń dúró dè wá ni ilé-iṣẹ́ tí a háyà fún ọjọ́ méjì láti mú wa rìn káàkiri. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní wọn dára gan-an. Obìnrin tó mú wa lọ mọ bí wọ́n ti ń pìtàn: ó mú wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì Carmo tí kò ní òrùlé, ó ní kí a gbójú sókè wo ojú ọ̀run láàárín àwọn òpó, kí ó tó sọ fún wa pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, nígbà tí àwọn ènìyàn wà ní ìsìn àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, ni ilẹ̀ mì, tí omi òkun ya wọ ìlú, tí iná sì jó ìyókù. Lẹ́yìn náà ló mú wa gba àwọn òpópónà tóóró Alfama, àdúgbò àtijọ́ kan nínú ìlú náà, tí ó jẹ́ kí a rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé òkè pọ̀ níbẹ̀, òkúta náà sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ti kàn án. Ẹ mú bàtà tí abẹ́ rẹ̀ gbá ilẹ̀ mú dání.

Ọjọ́ kejì, ní Belém, àdúgbò mìíràn ní Lisbon, ni inú mi bàjẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n rán sí wa yin ilé ìsìn Jerónimos, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1501, ó sì yẹ ní yíyìn. Òkúta ibẹ̀ rí bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ó fi ibojì Vasco da Gama, atukọ̀ Pọ́túgàl tó gba òkun dé Íńdíà, hàn wá. Kò sọ pé lára owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ọba ń gbà lórí ọjà Áfíríkà àti ti Ìlà-Oòrùn. Nígbà tí mo béèrè nípa Benin àti nípa àwọn ẹrú, ó ní kò sí nínú ètò ọjọ́ náà. Mo kà á sí àléébù ńlá, nítorí pé ní nǹkan bí 1486 ni João Afonso de Aveiro, aṣojú ọba Pọ́túgàl, dé Benin, ìròyìn tí òpìtàn wọn, João de Barros, sì kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà sọ nípa ọba kan tí wọ́n ń pè ní Ogané, tí ọba Benin tuntun gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí kí oyè rẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, tí òun náà á sì fi àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn ìránṣẹ́ ń rí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ọọ̀ni ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń jiyàn rẹ̀, torí Barros ní ìlà-oòrùn Benin ni ìlú rẹ̀ wà.

Èmi àti àbúrò mi ló dá wá Rua do Poço dos Negros kàn. Ìtàn so orúkọ òpópónà náà mọ́ ìwé tí Ọba Manuel ti Pọ́túgàl kọ ní 1515, pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn fún òkú àwọn ẹrú tí wọ́n ń jù sórí ààtàn. Ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. A dúró, a kò lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré nọ́ńbà 28 lẹ́wà, ó sì ń fún èrò pọ̀. Ẹ di pọ́ọ̀sì yín mú. Àkàrà òyìnbó ẹlẹ́yin tí wọ́n ń tà ní Belém láti 1837 dùn gan-an ní gbígbóná, àmọ́ ẹja oníyọ̀ gbígbẹ wọn kò bá mi lẹ́nu mu.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó sanwó fún amọ̀nà ní ọjọ́ Alfama nìkan. Belém kò nílò amọ̀nà bí irú èyí: kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré nọ́ńbà 15, kí ó má ṣe lọ ní ọjọ́ Ajé torí wọ́n máa ń ti Jerónimos, kí ó sì ti ka ìtàn Ogané kí ó tó kúrò nílé.