Bílíìṣì tàbí sípírítì: èwo ni ká fi pa kòkòrò àrùn?

Fún fóònù, témómítà àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, sípírítì tí ọtí (alcohol) inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ni kí ẹ mú. Kì í jẹ irin, ó sì tètè gbẹ. (Ìdá 95 kò ṣiṣẹ́ tó o, omi wà lára ohun tó ń ràn án lọ́wọ́.)

Ṣùgbọ́n bí èébì tàbí ìgbẹ́ aláìsàn bá dà sílẹ̀, bílíìṣì ni mo fọkàn tán. Ó ń pa norovirus (kòkòrò àrùn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru), tí sípírítì kì í sábà ká. Ẹ kọ́kọ́ nù ún, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára bílíìṣì. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sí i, kí ó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì láé: èéfín olóró ló ń jáde.