Àgbéyẹ̀wò ráútà 4G kan fún ẹni tí ń fi BitTorrent gba fáìlì ńlá
Ráútà 4G tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa ń tà dára gan-an fún wíwo fídíò, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ fi qBittorrent, ètò tí ń lo BitTorrent láti gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba Ubuntu (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan) sílẹ̀, ńṣe ni ó ń wọ́ bí ìgbín. UPnP, tí ó máa ń jẹ́ kí ètò orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣí pọ́ọ̀tì (ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ láti ìta ń gbà wọlé) lórí ráútà, wà ní pípa. N kò bá wọn wí, nítorí ààbò ni. Ohun tí ó dùn mí ni pé ojú ewé ìṣètò rẹ̀ gbà kí n fọwọ́ ara mi ṣí pọ́ọ̀tì náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè ti ìta wọlé. Àdírẹ́sì WAN, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà ní ìhà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó tú àṣírí: 100.72 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti 100.64.0.0 dé 100.127.255.255 ni a yà sọ́tọ̀ fún CGNAT, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, nítorí náà pọ́ọ̀tì tí a ṣí nínú ilé kò kan ìta rárá. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún oníbàárà kí ó tó sanwó.

Àtúnṣe kan ràn mí lọ́wọ́: mo dín iye ìsopọ̀ inú qBittorrent kù láti 500 sí 120, nítorí pé bí tábìlì NAT (àkọsílẹ̀ gbogbo ìsopọ̀ tí ń lọ lọ́wọ́) ti ráútà kékeré bá kún, gbogbo ilé ni íntánẹ́ẹ̀tì yóò dúró fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa pín fáìlì fún ẹlòmíràn dáadáa, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń ta àdírẹ́sì IP tí kò sí lábẹ́ CGNAT.