Ètò oṣù mẹ́ta fún àwa tí nǹkan oṣù wa ti dúró: owó mi, ike mẹ́rin, àti ọmọ kan tó mọṣẹ́

Díẹ̀ ló kù kí ilé ìtọ́jú kan fún mi ní oògùn tháírọ́ìdì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe tháírọ́ìdì mi, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn. Oògùn irun tí àwọn fúnra wọn tà fún mi ló ba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ìbàdàn níbí ni ilé ìtọ́jú náà wà, n kò ní dárúkọ wọn. ₦85,000 ni wọ́n ń gbà lórí ètò oṣù mẹ́ta fún obìnrin tó ti lé lọ́dún kan tí kò rí nǹkan oṣù. Ẹ ó rí dókítà, ẹ ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn á kó ike oògùn mẹ́rin fún yín nínú báàgì aláwọ̀ ewé. Nísàlẹ̀ ìwé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n kọ ọ́ tín-ín-tín pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó pẹ̀lú onímọ̀ oúnjẹ. Wọn kò sọ ìyẹn fún mi rárá lọ́jọ́ tí mo sanwó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró, tí estrogen, èròjà ara obìnrin, lọ sílẹ̀ lára, ọ̀rá tó ti ń gbé nídìí àti nítan á bẹ̀rẹ̀ sí í kó sí ikùn. Oúnjẹ ò pọ̀ sí i, bùbá ò wọlé mọ́. Èmi ti ń lo metformin nítorí ìtọ̀ ṣúgà láti ọdún pípẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi náà wá ń gòkè.

Ọmọbìnrin orí káńtà kó ike jáde: àpapọ̀ fítámì, fítámì D, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àti èyí tí wọ́n ní ó wà fún irun, awọ ara àti èékánná. "Mọ́mì, èyí gan-an ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ yín ń lò o. Irun iwájú yín yẹn á kún padà." Kò bi mí ní oògùn tí mo ń lò nílé. Mo gbà á, mo sì ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà wọn wo èsì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, tháírọ́ìdì yín, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn yẹn, ń ṣiṣẹ́ jù." TSH kéré, T4 ga; àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ bí ẹṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Àyà mi já. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà rẹ̀ jọ sórí fóònù nítorí ọrùn mi.

Ọmọkùnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ní láàbù ló pè mí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn o, láàbù yẹn dá dúró. "Ẹ má bínú mà. Ṣé ẹ ń lo oògùn irun kankan?" Mo ní mò ń lò ó. Ó ní kí n ka ẹ̀yìn ike fún òun. Mo wá awò mi: biotin (fítámì B kan), 10,000 mcg. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí n padà wá, òun ò ní gba kọ́bọ̀.

Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù ń lo biotin fúnra rẹ̀ láti fi ka ẹ̀jẹ̀. Bí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ á kà á lódì, á mú TSH wálẹ̀, á mú T4 gòkè, á wá dà bíi pé ẹṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ jù. Láti 2017 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. 30 mcg péré ló tó àgbàlagbà lóòjọ́, oúnjẹ bí ẹyin sì ń fún wa nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kó fún mi ju ìlọ́po 300 lọ! Mo padà lọ ṣe àyẹ̀wò: kò sóhun tó ṣe ọrùn mi.

Mo gbé báàgì, ó dọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ti wá gba ti oṣù tó ń bọ̀?"

"Ọ̀gá rẹ dà?"

"Wọ́n wà ní mítìn mà."

Mo ní mo máa dúró. Ó gbé omi tútù wá, n kò mu ún. Ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: a kì í gba oògùn tí a bá ti ṣí padà. Mo bi í pé ta ló lè lo oògùn láì ṣí i. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì.

Ọ̀gá jáde wá nígbà tó wù ú, tùràrí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Màdáàmù ló ń pè mí, èmi tí mo lè bí i. Ó ní biotin kì í ṣe oògùn, fítámì ni, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Mo ní èmi ò bá nọ́ńbà jà. Ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ̀yin lẹ rán mi lọ gba ẹ̀jẹ̀, ta ló bi mí léèrè láàárín méjèèjì? Ó wo fóònù rẹ̀. Ó ní òun á yọ ìdá mẹ́wàá kúrò lórí owó ètò tó kàn. Ètò tó kàn! Ohùn mi ròkè nígbà yẹn. Ìyá kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ti fa ike tirẹ̀ yọ, ó ń yí i wò. Ìyẹn ló dun ọ̀gá. Kíá, ó ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ariwo mi ò ti ní ta sí oníbàárà létí.

Ẹ wò ó, inú yàrá kékeré yẹn ni mo ti rí ohun tí mo sanwó fún.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó da ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, ó ń ka ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù nílò irin 18 mg lóòjọ́, àmọ́ bó bá ti dúró, 8 mg ti tó, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin kéré lára. Ó gbé ti irun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rí: "Mọ́mì, oògùn wo lẹ ń lò nílé?" Mo ní metformin. "Ṣé ẹsẹ̀ yín kì í ta yín?"

Mo wò ó lójú. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń ta mí tipẹ́ bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ rẹ̀, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ó ní bí èèyàn bá pẹ́ lórí metformin, ara kì í gba fítámì B12 dáadáa mọ́. Ọjọ́ orí náà tún ń dá kún un, torí inú àgbà kì í yọ ọ́ lára ẹran àti ẹja bíi ti ọmọdé. Ó ní kí dókítà kọ àyẹ̀wò rẹ̀. B12 mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún mi. Gbogbo ike tí wọ́n dì fún mi, èyí tí mo ṣaláìní gan-an ni wọn kò wò.

Kò gba àmàlà lọ́wọ́ mi o. Ó ní kó má ju ìkúùkù mi lọ, kí gbẹ̀gìrì dúró torí ẹ̀wà ni, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ó bi mí bí mo ṣe ń se ẹ̀fọ́. Mo ní mò ń bọ̀ ọ́, mò ń fún un, mò ń da omi rẹ̀ nù. Ó ní fítámì C àti folate (fítámì B kan) lẹ ń dà nù yẹn mà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kí ẹ jù ú sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ewúro ńkọ́? A jọ rẹ́rìn-ín. Mọ́ọ̀tì oní-mílíìkì tí mò ń mu láti fi gba ẹ̀jẹ̀ ló ní kí n fi sílẹ̀.

Mo wá bi í bóyá fítámì D á bá mi mú ṣúgà wálẹ̀, torí ohun tí wọ́n sọ lórí káńtà nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó dá mi lóhùn: ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń rọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí wọn ní 4,000 IU lójoojúmọ́, èèyàn tó lé ní 2,400 ló wà nínú ìwádìí náà, èsì tó jáde ní 2019 kò sì fi hàn gbangba pé ó dá ìtọ̀ ṣúgà dúró. Egungun ló wà fún, 600 IU ti tó títí a ó fi pé 70 ọdún, 800 lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Síbẹ̀ wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún mi. Ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè nìkan ni ọmọ yìí ń wá, gbogbo ọjọ́ ni ọmọbìnrin káńtà ń wá. Ìdájí ni wọ́n ń fi ìpolówó ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, ìkan tó dé láàárọ̀ yìí, oògùn irun ni, ike rẹ̀ tún tóbi jù ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ ti ń rọlẹ̀, HbA1c mi, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ti kúrò ní 7.4 bọ́ sí 6.8. Ikùn ṣì wà níbẹ̀. 80 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ní kí ìbàdí obìnrin má kọjá, èyí tó kù di àṣírí èmi àti téèpù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọmọ mi ka ohun tí mo kọ, ó ní ọ̀kan ló yẹ wọ́n. Mo ní kó lọ kọ tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ní ìjókòó oúnjẹ nìkan lẹ fẹ́ san. ₦10,000 ni, wọn kì í sọ ọ́ àfi tí ẹ bá béèrè. Ẹ dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn ilé yín sínú náílọ́nù kan dání.