Ọ̀pẹ ni mo fẹ́, àgbọn ni wọ́n fi ránṣẹ́: àgbéyẹ̀wò igi oníke fún tábìlì eré ogun

Igi méjìlá ló wà nínú ọ̀rá náà. Mo yọ wọ́n jáde, mo tò wọ́n sí bèbè odò tí mo kùn sórí pátákó wa, mo sì fà sẹ́yìn kí n lè wò wọ́n dáadáa. Etí òkun ni mo rí, bí ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbafẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Kò jọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá.

Ogun Ìmàgbọn ni èmi àti àbúrò mi ń fi àwọn ọmọ ogun kéékèèké tò sórí tábìlì. Oṣù karùn-ún ọdún 1892 ni ogun yẹn jà, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, àwọn Ìjẹ̀bú sì lọ dúró dè wọ́n létí odò Yemọjí. Ìbọn Maxim, èyí tó ń rọ̀jò ọta léraléra, wà lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ẹni tó bá ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ibi gbalasa tí ojú ti ríran jìnnà, igbó sì ni odi fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Nítorí náà, igi orí tábìlì wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bó bá kéré jù, tàbí tí ewé rẹ̀ ò bá ṣíji bolẹ̀, ogun mìíràn là ń jà yẹn.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra àwọn igi náà, ₦14,500 pẹ̀lú owó ìgbéwá. Ọjọ́ mẹ́rin ni òǹtajà dá fún mi, ọjọ́ kẹsàn-án ló tó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyẹn ò dùn mí tó ti gíga wọn. Ìwọ̀n 1/72 là ń lò: ẹni tó ga ní mítà 1.80 á di sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ọ̀pẹ tó dàgbà lè ga tó mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn sì jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lórí tábìlì. Òǹtajà kọ ọ́ síbẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 15 ni tòun. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n: mẹ́fà ga ní 12, mẹ́fà yòókù ò ju 7 lọ. Mo kọ̀wé sí i, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà.

Síbẹ̀, ká ní wọ́n ga tó pàápàá, igi àgbọn ṣì ni wọ́n. Ẹ wo àgbọn dáadáa: ara rẹ̀ mọ́, ó ní àmì bí òrùka níbi tí imọ̀ ti já bọ́, ó sì sábà máa ń tẹ̀. Ọ̀pẹ dúró ṣánṣán. Ìdí imọ̀ tí wọ́n ti gé máa ń kù sára rẹ̀ ní gbágungbàgun, àwọn ewéko mìíràn á sì máa hù láàárín rẹ̀. Ewé ara imọ̀ àgbọn tò gẹẹrẹ sí apá méjì bí eyín ìyarun. Ti ọ̀pẹ yọ sókè yọ sódò, ó rí wúruwùru. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo rí, yóò mọ ìyàtọ̀ yìí láti òkèèrè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n dára o. Ike wọn le, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, kò kán. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí òróró ara wọn lè kúrò, ọ̀dà á dì mọ́ wọn díẹ̀. Mo fi mẹ́fà sí etí ọ̀sà níbi tí àwọn ọmọ ogun ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ sì yẹ wọ́n. Àmọ́ fún inú igbó Ìjẹ̀bú, ẹ má ná owó yín sí i. Ẹ ṣe é fúnra yín.

Màrìwò ni mo kọ́kọ́ dán wò, torí mo rò pé kò sí ohun tó lè jọ ọ̀pẹ bí ara ọ̀pẹ. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ó ti ká kò, ó ń rún. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo fọ̀ tí mo fi sísọ́ọ̀sì gé létí sàn jù ú lọ, ó sì yá ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tábìlì nìkan ló wúlò fún. Nítòsí, ìyẹ́ náà ni ojú ń rí.

Ìgbálẹ̀ ló wá gbà mí. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tà á ní ọjà Òkè-Ajé, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tó gùn jù ni mo fẹ́, ọ̀pẹ ni mo fẹ́ fi ṣe.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ara ọ̀pẹ la ti rẹ́ ẹ o, ọmọ mi, o tún fẹ́ dá a padà.” Nígbà tí mo padà lọ fi àwòrán àkọ́kọ́ hàn án lórí fóònù, ó wò ó títí, ó ní, “Imọ̀ gbígbẹ rẹ̀ dà?” Òótọ́ ni. Ọ̀pẹ inú igbó tí ẹnikẹ́ni ò gùn kì í mọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, imọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí mo kùn ní àwọ̀ ilẹ̀ ni mo máa ń so kọ́ sábẹ́ àwọn tó tutù.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá di ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́wàá pọ̀ fún ara igi. Màá wá mú téèpù bébà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, màá gé etí rẹ̀ ní eyín-eyín, màá we é láti òkè wá sísàlẹ̀, kí eyín rẹ̀ kọjú sókè. Ìyẹn ló ń jọ ìdí imọ̀. Bébà líle ni imọ̀ fúnra rẹ̀, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ tín-ín-rín kan láàárín. Bí mo bá ti gé e wẹ́wẹ́ tán, ìka ni mo fi ń fa ewé kan sókè, èkejì sísàlẹ̀. Ẹ má fo èyí, òun ló ń sọ ọ́ di ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ gidi máa ń ní imọ̀ 30 sí 50 lórí, ṣùgbọ́n 20 ti tó ojú rí. Ìdí ẹyìn ńkọ́? Gàrí Ìjẹ̀bú ni. Màá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà pò ó, màá ṣù ú rogodo kékeré, màá fi pupa àti dúdú kùn ún. Wáṣà irin látọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ló ń jókòó sísàlẹ̀ kí igi má bàa ṣubú.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni ọ̀kan ń gbà mí. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ná mi ní ₦6,200, wáṣà ló sì jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà òjò, bébà náà rọ̀, àwọn imọ̀ sì wálẹ̀. Mo ti wá ń fi fánṣì kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ló mú Maxim. Ó gbé e sí òdìkejì odò, ó bẹ̀rẹ̀, ó na okùn ìwọ̀n sí àárín àwọn ọ̀pẹ náà, ó sì dìde. “Bùrọ̀dá, mi ò rí yín.” Ó ní láti kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ inú omi kó tó lè yìnbọn. Mẹ́rìnlá ni ọ̀pẹ wa báyìí, mo sì ti ra ìgbálẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyókù.